Nígbà Tí Ìnáwó Oṣù Bá Ju Owó Tí Ń Wọlé Lọ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn obìnrin. Ibi kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:1–7.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin wa, a kí yín kú ìpàdé, a sì kí yín kú ìnáwó. A kò fi kíkí kejì yẹn ṣe àwàdà. Nígbà tí a ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó ń fẹ́ kí a fi ṣe ẹ̀kọ́ sínú bébà láìkọ orúkọ sí i, ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kà. Ẹnì kan kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé bí oṣù bá ti pé ogúnjọ́, òun kì í lè sùn mọ́. A kò mọ ẹni náà, a kò sì wá a. Ṣùgbọ́n òun ni a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ èyí, àwa tí à ń kọ ọ́ náà kò sì yọ ara wa sílẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kí eku ṣe nígbà tí ìtẹ́ bá ń kéré mọ́ ọn lára lójoojúmọ́? Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí à ń rà ní iye tí kò tó 200 náírà ní lítà kan di ohun tó ju 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, náírà já wálẹ̀ sí dọ́là. Owó ọkọ̀, ìrẹsì, gaàrí, oògùn, gbogbo wọn ni wọ́n bá a lọ. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù lọ nínú òfin, tí ó ti wà ní 30,000 náírà láti ọdún 2019, kò kúrò lójú kan títí di oṣù Keje ọdún 2024 tí ó di 70,000. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ni ó jẹ́ àpà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ owó ṣọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ lónìí.

Opó tí a kà nípa rẹ̀ yìí kì í ṣe àpà. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run, síbẹ̀ ó kú sínú gbèsè, olówó sì ń bọ̀ wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Àwọn baba ńlá wa mọ ohun tó fara jọ èyí dáadáa. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó yá owó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà lọ́dọ̀ olówó. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ lóko olówó, iṣẹ́ náà a sì dúró fún èlé. Ojú owó kì í fi kọ́bọ̀ kan dín nítorí iṣẹ́ yẹn. Bí ó ṣe ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó wá kí ó tó lè padà sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Wòlíì Èlíṣà kò bú obìnrin náà, kò sì fún un lówó. Ó bi í léèrè ohun tó kù nínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rán an lọ yá ohun èlò òfìfo lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Nígbà tí òróró sì pọ̀ tán, ó ní kí ó tà á, kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ nínú èyí tó bá kù. Gbèsè ni ó kọ́kọ́ san, kí ó tó kan jíjẹ.

Bí ojú bá ń ti ẹnikẹ́ni nínú wa, kí ó rántí Susanna Wesley, ìyá John Wesley. Ní ọdún 1705, wọ́n ti ọkọ rẹ̀, Samuel, tí í ṣe àlùfáà ìjọ ní Epworth, mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Lincoln Castle nítorí gbèsè tí kò tó 30 pọ́n-ùn. John kò ju bí ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Susanna kó àwọn òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ pé kí ó tà wọ́n. Ọkọ náà dá wọn padà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York bi obìnrin náà bóyá oúnjẹ ti wọ́n wọn rí nínú ilé, ó dáhùn pé kò ṣẹlẹ̀ pé kí àwọn má rí oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n wàhálà tí òun ń ṣe kí ó tó dé, àti wàhálà láti san owó rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ti mú adùn kúrò nínú rẹ̀. Ó ti ju 300 ọdún lọ. Ǹjẹ́ obìnrin kan wà láàárín wa tí kò mọ ìtumọ̀ ìdáhùn yẹn?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní. Gbèsè tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, bí ti ọmọ tó ṣàìsàn, yàtọ̀ sí gbèsè tó ń wọlé lóṣooṣù nítorí pé àpò ní ihò. Ti àkọ́kọ́ ni a lè máa san díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Ti èkejì kò lè tán láé, bí a bá tilẹ̀ ń san án lójoojúmọ́, àfi bí a bá kọ́kọ́ dí ihò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Owó oṣù ọkọ jẹ́ 110,000 náírà, èrè ìyàwó lọ́jà jẹ́ 50,000; gbogbo rẹ̀ jẹ́ 160,000. Oúnjẹ gba 85,000, ọkọ̀ wíwọ̀ 30,000, ilé ìwé àwọn ọmọ 25,000, gáàsì pẹ̀lú iná àti omi 22,000, èyí tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún owó ilé 15,000, ìdáwó ìjọ àti ẹgbẹ́ 12,000, owó fóònù 6,000. Ẹ rò ó pọ̀: 195,000 ni. Ilé yìí ń fi 35,000 náírà wọ gbèsè lóṣooṣù, kò sì sí ìmutí níbẹ̀, kò sí ayẹyẹ. Ní oṣù mẹ́fà, ó ti di 210,000. Bí ó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá lórí náírà kan lóṣù ni wọ́n ti yá a, èlé nìkan ti di 21,000 lóṣù. Ihò tó jẹ́ 35,000 ti di 56,000 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra nǹkan kan kún un.

Ìwọ̀fà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí. Ẹni tó yá 100,000 náírà ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá, tó sì ń san èlé nìkan, yóò san 120,000 láàárín ọdún kan, 100,000 yóò sì dúró síbẹ̀ bí ẹni pé kò san nǹkan kan. Ti sogúndogójì tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Owó ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá wa lọ́jà náà wà níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí àwọn ènìyàn fún un kò ṣe é kọ sínú ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tí àwa obìnrin máa ń fi ihò yìí pamọ́ sí jù lọ ni inú ọjà wa. Oúnjẹ kò tó, a mú 2,000 nínú owó tí a tà. Ọmọ nílò ìwé, a tún mú 3,000. A kò pè é ní gbèsè, nítorí pé owó wa ni. Ṣùgbọ́n ojú owó ni à ń jẹ. Nígbà tó bá yá, àpò ìrẹsì márùn-ún tí à ń gbé ní ìṣọ̀ di mẹ́ta, èrè 50,000 di 30,000, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjà kò yá. Ọjà yá, àwa ni a jẹ ẹ́ mọ́ gaàrí. Ẹ ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, kí ẹ sì bu iye kan fún ara yín lọ́sẹ̀ bí ìgbà tí ẹ ń gba owó iṣẹ́. Bí ó bá ti tán, kí ó tán.

Nípa dídí ihò, inú ìwé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá jáde lọ́wọ́ yín fún oṣù kan gbáko, títí kan omi inú ọ̀rá. Kí ẹ má tíì yí ohunkóhun padà ní oṣù náà. Ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lè dín 12,000 kù nínú oúnjẹ bí ìdílé mẹ́ta bá ń da owó pọ̀ ra àpò kan dípò kóńgò-kóńgò. Ó lè dín 8,000 nínú owó ọkọ̀, 6,000 nínú ìdáwó, 2,000 nínú owó fóònù. Ìyẹn jẹ́ 28,000. Ó ku 7,000, a kò sì lè fi ìdínkù wá a mọ́ láìfi ebi pa ọmọ. Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ni yóò mú un wá.

Nígbà náà ni ìbéèrè Èlíṣà yóò wúlò: kí ni ó kù nínú ilé? Fírísà kejì tí kò sí iná tí yóò gbé e, ẹ̀rọ ìlọta tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ọdún méjì. Bí a bá rí 90,000 lórí wọn, tí a sì fi san nínú owó kọ́bọ̀ mẹ́wàá yẹn, 9,000 náírà ti dín kúrò nínú èlé oṣooṣù. Ẹni tó bá ta nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó má ná kọ́bọ̀ níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olówó.

Èyí tí èlé rẹ̀ le jù ni kí a kọ́kọ́ pa. Ṣùgbọ́n a ní ohun kan láti sọ sí i: bí ẹ bá jẹ ìyá aláàkàrà tàbí ọmọ tó ń ránṣọ ní gbèsè, ẹ san ti wọn ṣáájú gbogbo rẹ̀. Wọn kò gba èlé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn náà ń fi ojú owó wọn bọ́ wa. Ẹ má sì sá fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bá olówó kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè máa san, kí ó kéré, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn lóṣòó títí wọn yóò fi gba owó wọn; ẹni tó bá ń sá ni wọ́n ń lóṣòó tì.

Ọ̀kan nínú àwa tí à ń kọ ẹ̀kọ́ yìí fi gbèsè pamọ́ fún ọkọ rẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Orí fóònù ni ó ti yá 20,000 àkọ́kọ́. Ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn láti san án, ó tún yá lọ́wọ́ ẹni kẹta. Nígbà tí kò rí san mọ́, àwọn ayánilówó náà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gbà á, olórí akọrin náà gbà á. Òru ọjọ́ yẹn ni ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, ẹ má bínú, mo ti jẹ gbèsè tí apá mi kò ká mọ́." Ó ń retí ìbínú. Ọkọ rẹ̀ dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó jẹ́wọ́ pé òun náà ti yá owó lẹ́nu iṣẹ́ láti san owó ilé ìwé, pé ìdí nìyẹn tí owó oṣù òun fi ń dín kù. Àwọn méjèèjì ti ń dí ihò kan náà láti ẹ̀gbẹ́ méjì, wọ́n sì ń sọ ọ́ di méjì.

A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ ni a lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún kí ilé má dàrú. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó wá àgbà kan tó ní ẹnu ìpamọ́, kí ó má dá nìkan gbé e. Ní ti àwọn ayánilówó orí fóònù, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, FCCPC, ti bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀ láti ọdún 2022, kò sì fàyè gba kí wọ́n máa dójú ti ènìyàn lọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ẹ lè mú ẹjọ́ wọn lọ síbẹ̀. Gbèsè náà kò ní parẹ́ nítorí ẹjọ́ o.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára, èlé wọn sì rọrùn ju ti olówó èlé lọ. Ẹni tó ti dí ihò rẹ̀ lè yá níbẹ̀ láti fi pa gbèsè tó le. Ẹni tí kò tíì dí i, kí ó má dé ibẹ̀, nítorí pé àwọn onídùúró rẹ̀, tí í ṣe àwa arábìnrin rẹ̀, ni yóò kó sínú rẹ̀. Àjọ ojoojúmọ́ ní tirẹ̀ wà fún ìtọ́jú owó. Alájọ a máa mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù. Owó ìṣọ́ ni, kò pọ̀ jù fún ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ẹ̀yà kan tí a kò fẹ́ fò, nítorí pé àwa gan-an ni ó kàn. Aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún, aṣọ ẹbí ìsìnkú, aṣọ ìkórè: àwa obìnrin ìjọ ni à ń yan án, àwa ni à ń dá ọjọ́ sí i, àwa ni à ń wo ẹni tí kò rà á. Ẹnì kan lè wà láàárín wa tó yá owó ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá láti wọ aṣọ tí a yàn. A ti gbé e síwájú àwọn aṣíwájú wa pé kí a lo aṣọ ọdún tó kọjá fún àjọ̀dún tó ń bọ̀. Ẹ ó gbọ́ ìdáhùn ní ìpàdé.

Kí olúkúlùkù mú ìwé ìkọ̀wé àti bírò wá sí ìpàdé náà. A ó jọ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, a ó jọ fa ìlà sí àárín rẹ̀, owó tó wọlé lápá kan, owó tó jáde lápá kejì. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè láti wo tẹni kejì rẹ̀.