Ìhá Nínú Erùpẹ̀: Bí Ọ̀nà Oko Ṣe Lè Le

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún iṣu tuntun ní Savalou. Inú òjò ni. Lọ́dọ̀ wa ní Tchetti, iṣu wà lóko, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ wà lọ́nà. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, inú ẹrẹ̀ yìí kan náà ni alùpùpù tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn yóò rì sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan.

Kí ló ń ba ọ̀nà jẹ́? Bí taya bá tẹ erùpẹ̀ tí omi ti rin, erùpẹ̀ náà yóò sá sí ẹ̀gbẹ́, kòtò yóò sì yọ. Àwọn bàbá wa mọ oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ń po amọ̀ láti mọ ilé, wọ́n ń da koríko gbígbẹ sí i, kí ògiri má baà là. Koríko náà ń di erùpẹ̀ mú, bí okùn ṣe ń di igi. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún abẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú. Ní ọdún 2020, ìjọba Íńdíà fọwọ́ sí i kí wọ́n máa tẹ́ ẹní tí a fi ìhá èèpo àgbọn hun sábẹ́ ọ̀nà ìgbèríko.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan tí ó máa ń rì:

1. Ẹ gbẹ́ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Bí omi kò bá rí ibi lọ, asán ni iṣẹ́ yòókù.

2. Ẹ wá ìhá èèpo àgbọn, tàbí ìhá ẹyìn tí ó kù lẹ́yìn tí a fún epo. Ẹ fi ọṣẹ fọ epo ara rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

3. Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ tí kò lágbára náà jáde ní sẹ̀ǹtímítà 20. Fún kílò 100 erùpẹ̀ gbígbẹ, ìdajì kílò ìhá sí kílò 1 ti tó. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣù jọ.

4. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ pò ó. Ẹ fún ẹ̀kúnwọ́ kan: ó gbọ́dọ̀ dì láìro omi.

5. Ẹ dá ìdajì rẹ̀ padà, ẹ fi igi wúwo lù ú títí yóò fi le. Ẹ da ìyókù lé e, ẹ tún lù ú.

6. Ẹ fi yangí bò ó. Kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, bí ẹ̀yìn ìjàpá.

Ẹ kíyè sí i! Ìhá ń jẹrà, ikán sì ń jẹ ẹ́. Ti àgbọn ń pẹ́ ju koríko lọ. Nítorí náà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ yẹ ọ̀nà wò, ẹ dí ibi tó bá lu. Ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá agbára wa: ẹnjiníà ni yóò yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìbéèrè
1. Kí ni koríko ń ṣe nínú amọ̀ tí a fi mọ ilé?
2. Kí ló yẹ kí á ṣe kí á tó po ìhá mọ́ erùpẹ̀?
3. Ibo ló máa ń rì jù ní ọ̀nà oko yín? Ẹ jọ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì, kí ẹ sì yan ọjọ́ iṣẹ́.