Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Oní-Fótò: Kí A Tó Yá Owó Ra Kámẹ́rà Tuntun

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tí ń fi fótò yíyà jẹun, ó sì kan àwọn tí ń ṣe onídùúró fún wọn. Nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, a máa ń rí ìwé ẹ̀bẹ̀ owó tí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo fẹ́ ra kámẹ́rà tuntun nítorí pé ti ọwọ́ mi ti gbó." Ìgbìmọ̀ á fọwọ́ sí i, nítorí pé ẹni náà kì í jẹ gbèsè. A kò sọ pé kí wọ́n má fọwọ́ sí i. Ohun tí a ń wí ni pé gbígbó kì í ṣe ìdí. Ohun tí kámẹ́rà náà kò lè ṣe ni ìdí.

Ẹ jẹ́ kí á mú kámẹ́rà kan tí ọ̀pọ̀ oní-fótò mọ̀ dáadáa, Canon EOS 5D Mark II, tí ó jáde ní ọdún 2008. Ọ̀kan ni nínú irú èyí tí à ń pè ní full-frame. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ fẹ̀ tó ojú fíìmù àtijọ́, mìlímítà 36 sí 24. Àwọn àgbà tí ó ti fi fíìmù ṣiṣẹ́ rí yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Mẹ́gápíksẹ̀lì 21 ni ó ní. Ìyẹn tó fún ìwé fótò ìgbéyàwó, ó sì tó fún èyí tí a ń gbé kọ́ ògiri ilé. Mark III tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2012 kò ju 22 lọ. Ẹni tí ó bá ní fótò òun kò mọ́ tó, kí ó wá ìdí rẹ̀ sí ibòmíràn.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Ní òde alẹ́ ni. Ojú mẹ́sàn-án péré ni Mark II fi ń mú nǹkan kí ó lè hàn kedere, èyí tí ó wà láàárín nìkan ni ó sì lágbára nígbà tí iná bá kéré. Bí ìyàwó bá ń jó bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ìdajì fótò á ṣú. ISO rẹ̀, èyí tí ó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń ríran tó nínú òkùnkùn, dé 6400; bí a bá fi ipá mú un kọjá ibẹ̀, àwòrán á rí bí ẹni pé a da iyanrìn sí i. Ní tiwa, èyí tí ó burú jù ni pé ihò káàdì kan ṣoṣo ni ó ní. Bí káàdì náà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sí ẹni tí yóò tún ìyàwó gbé nítorí oní-fótò. Mark III ní ojú 61, ISO rẹ̀ dé 25600, ihò káàdì rẹ̀ sì jẹ́ méjì.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọ̀dọ̀ Mark III, ẹ wo lẹ́ńsì tí ó wà lẹ́nu kámẹ́rà yín. Ọ̀pọ̀ ń lo 24-105 tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí kọjá f/4. Lẹ́ńsì kékeré 50mm f/1.8, tí ó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ, ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po márùn-ún èyí. Ẹni tí ń ya fótò ìdílé, ìsọmọlórúkọ àti ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀sán, bí ó bá ra lẹ́ńsì yìí pẹ̀lú fíláàṣì tí ó dára, ó lè má nílò kámẹ́rà míràn fún ọdún mélòó kan. Ẹ̀yáwó kékeré ni ìyẹn.

Àwọn kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí nínú ńkọ́? EOS R6 jáde ní ọdún 2020. Ẹ ṣàkíyèsí pé mẹ́gápíksẹ̀lì 20 ni, ó tilẹ̀ dín sí ti Mark II. Síbẹ̀ ó ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e, ó sì ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Lẹ́ńsì EF tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ á wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ra àdápítọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní yingin. Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì RF tuntun kò lè wọ kámẹ́rà àtijọ́ láé. Káàdì CF ti Mark II kò wọ R6, SD ni tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ètò inú rẹ̀ ti pẹ́ lè má ṣí fáìlì RAW rẹ̀. Gbogbo èyí ni kí a kọ sínú ìṣirò, nítorí pé àwọn tí ń tajà kì í dárúkọ wọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi Canon sílẹ̀ lọ sí Nikon tàbí Sony, kí ó ka owó gbogbo lẹ́ńsì rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú lẹ́ńsì ni owó oní-fótò wà jù.

Wàyí o, ìṣirò. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Àpẹẹrẹ ni, ọjà ni yóò sọ iye gidi. Bí a ó bá san án ní oṣù 12, ₦100,000 ni lóṣooṣù, a kò tíì ka èlé. Bí ènìyàn bá ń lọ òde mẹ́rin lóṣù, tí ₦35,000 ń kù sí i lọ́wọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó ọkọ̀, owó ọmọṣẹ́ àti owó ìtẹ̀wé, ₦140,000 ni ó rí. ₦40,000 ni yóò fi bọ́ ilé, kò tíì san owó ìfowópamọ́ rẹ̀. Bí àwẹ̀ bá dé, ìbáà ṣe ti Lẹ́ńtì tàbí ti Ràmàdáánì, òde a dín kù, ilẹ̀kùn onídùúró ni a ó sì lọ kàn. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ bi í léèrè: iṣẹ́ wo ni o pàdánù nítorí kámẹ́rà yìí, èló sì ni yóò jẹ́ lóṣù bí o bá rí i ṣe?

Ní ojú tiwa, Mark III tòkunbọ̀ ni ó yẹ ẹni tí àpò rẹ̀ kò wúwo, nítorí pé lẹ́ńsì, bátìrì àti káàdì CF rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ láìra ohunkóhun mọ́ ọn. R6 yẹ ẹni tí òde alẹ́ àti fídíò ti ń mú owó wá fún ní tòótọ́. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ ra ohun èlò àjọní, lẹ́ńsì 70-200 ni kí wọ́n rà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò. Owó lẹ́ńsì kì í tètè wálẹ̀ bíi ti kámẹ́rà.

Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀, kí ó béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí. Canon fi 150,000 ṣe òdiwọ̀n fún ti Mark III. Kí ó fi káàdì sínú ihò méjèèjì, kí ó ya ògiri funfun ní f/16 láti wá ìdọ̀tí, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí owó tí a kọ nọ́ńbà kámẹ́rà sí, nítorí akápò yóò béèrè rẹ̀.

Ẹ má ṣe sáré ta Mark II. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú àpò bí èyí tí ń lọ sóde ṣe lè kọṣẹ́. Bátìrì LP-E6 rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ nínú R6, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé R6 a máa tètè jẹ ẹ́ tán.