Ẹ Fẹ́ Lọ Kọ́ Muay Thai ní Tháílàndì? Ẹ Ṣírò Owó Yín Dáadáa

Iye tí jíìmù ń gbà lóṣù ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè, ìyẹn ló sì rọrùn jù láti dáhùn. Ní Chiang Mai lápá àríwá, 7,000 sí 10,000 baht (owó Tháílàndì) á mú yín wọ jíìmù tó dáa. Ní Phuket, pàápàá ní Soi Ta-iad, àdúgbò Chalong, níbi tí jíìmù pọ̀ sí bí ilẹ̀ bí ẹní, ó lè di 12,000 sí 18,000. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fẹ́ ṣe, 300 sí 600 baht ni wọn yóò gbà. Kì í ṣe owó tó ń dẹ́rù bani. Àwọn ohun tó rọ̀gbà yí i ká ló ń gbọ́n àpò gbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ni, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ìsinmi sì ni ọjọ́ Àìkú. Ìgbà kọ̀ọ̀kan lè tó wákàtí méjì: eré sísá, okùn fífò, ìjà lójú dígí, gbígbá páàdì tí kru gbé dání (kru ni wọ́n ń pe olùkọ́), lẹ́yìn náà dídira mú lọ́rùn kí wọ́n máa fi orúnkún kanra wọn. Ẹni tó bá ti ja gídígbo rí nílé á gbádùn ibi tó gbẹ̀yìn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Èkó tàbí London bọ̀, tó sì jẹ́ orí àga ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, kò ní lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ojúgun rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un.

Síbẹ̀, owó ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún odindi oṣù ni ọ̀pọ̀ ń san sílẹ̀ látilé, torí wọ́n ní ẹ̀dínwó wà níbẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá san 14,000 baht, tí ara yín sì gbé ìgbà 20 péré nínú ìgbà 48 tó wà nínú oṣù náà, 700 baht ni ìgbà kọ̀ọ̀kan já sí. Ẹni tó ń san 400 lẹ́nu ọ̀nà nígbàkigbà tó bá lọ ti fi 8,000 ṣe ohun kan náà.

Nítorí náà, ẹ má sanwó oṣù kó tó di pé ẹ débẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ mélòó kan lọ sí jíìmù méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa san tòní lónìí. Ẹ wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ kru kan. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń tún ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣe, àbí àwọn tó fẹ́ wọ ríìngì nìkan ni wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà, ẹ san ti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ àdáṣe pẹ̀lú kru jẹ́ 600 sí 1,000 baht fún wákàtí kan. Lójú tèmi, méjì tàbí mẹ́ta irú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ wúlò fún ẹni tuntun ju owó ẹ̀ẹ̀kejì ojúmọ́ lọ.

Yàrá inú jíìmù rọrùn, àmọ́ kì í sábà pọ́ọ́kú. Yàrá tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ wá fúnra yín ní Chiang Mai lè jẹ́ 5,000 sí 8,000 baht lóṣù. Ẹ béèrè iye tí onílé ń gbà lórí yúnítì iná kan, torí amúlétutù lè sọ yàrá pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àlejò ń pọ̀ tí owó yàrá sì ń gòkè; ní Phuket, ìgbà òjò ló dínwó. Oúnjẹ kò le: 50 sí 80 baht ni àwo kan lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ má ra ìbọ̀wọ́ ìjà nílé o. Tháílàndì gan-an ni ilé Twins àti Fairtex tó ń ṣe é, ẹ ó sì rí ojúlówó ní 2,000 sí 3,500 baht. Ẹ ṣáà ní tiyín, torí inú ìbọ̀wọ́ àjùmọ̀lò jíìmù ni làpálàpá ti ń ranni.

Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra, kó sì mú yẹ́lò káàdì tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Lọ́dún 2024, ìjọba Tháílàndì gbé físà kan jáde tí wọ́n ń pè ní DTV, Muay Thai sì wà lára ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ fúnni. Ọdún márùn-ún ni, pẹ̀lú 180 ọjọ́ fún ìwọlé kọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ wà ní nǹkan bí 10,000 baht, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé 500,000 baht wà ní báńkì. Ẹni tó fẹ́ lo oṣù kan kò nílò rẹ̀. Físà arìnrìn-àjò tó fún un. Àwọn jíìmù kan ń ta ètò olóṣù mẹ́fà torí DTV yìí, kẹ́ ẹ sì tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọn yóò dá a padà tí ẹ́ḿbásì bá kọ̀.

Ẹ ka ìwé ìbánigbófò yín dé ìparí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ eré ìjà kúrò, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sanwó fún ẹni tó ṣubú lórí màṣíìnì láìní ìwé ìwakọ̀ àgbáyé tó kan màṣíìnì. Màṣíìnì tí wọ́n ń yá ní 3,000 baht lóṣù ló sì ń gbé àlejò lọ sí ọsibítù ju ìjà lọ.

Fún oṣù kan ní Chiang Mai, ẹ ka jíìmù sí 8,000, yàrá 6,000, oúnjẹ 9,000, màṣíìnì 3,000, ohun èlò 5,000. Ó di 31,000 baht, tó ń lọ sí 1,000 dọ́là, láìka físà, ìbánigbófò àti tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó, yálà ẹ gba Addis Ababa tàbí Doha, lè ju owó jíìmù oṣù mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ méjì kì í fi í pé ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Ẹ má gbára lé káàdì náírà nìkan. Ẹ̀rọ ATM wọn ń yọ 220 baht tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá fi káàdì ilẹ̀ òkèèrè gbowó, nítorí náà, ẹ gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kẹ́ ẹ sì ya nǹkan sọ́tọ̀ fún kru tó gbé páàdì fún yín. Kò pọn dandan, àmọ́ owó oṣù wọn kì í sábà pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó jókòó ní káńtà.