Ìṣirò inú Orúkọ Òǹkà: Ọ̀nà Kan láti Kọ́ Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìṣirò ní Agbègbè Àgbádárìgì

Ìfáàrà

Ipò tí kò ṣeé gbójú fò ni ìlú Àgbádárìgì wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ìwé ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wesley, gúnlẹ̀ sí èbúté náà. William de Graft bá a wá, nígbà tí ó sì di ọdún 1843, de Graft àti aya rẹ̀ ti ń kó àwọn ọmọdé jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Kò pẹ́ sí i tí àwọn ajíhìnrere ìjọ CMS náà fi dá tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà wá, kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni òpómúléró ẹ̀kọ́ ọmọdé ní etíkun yìí.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣirò ni ó ń lé ọmọ jù. Ọmọ tí ó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti àtẹ àgbọn létí òpópónà tí ó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ mọ iye ṣéńjì tí ó yẹ kí oníbàárà gbà, kò sì ní fi ìka kà á. Bí ọmọ yìí kan náà bá dé kíláàsì, tí olùkọ́ kọ 20 − 4 sí ojú pátákó, ó lè dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn a sì pè é ní olódo. Orúkọ yìí kò tọ́ sí ọmọ tí ó ń ṣe ìṣirò lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé òun ń ṣe é. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìṣirò ti wà nínú orúkọ tí èdè ilé ọmọ fún òǹkà, àti pé olùkọ́ tí ó bá tú orúkọ náà síta fún ọmọ ti fi nǹkan tí ọmọ ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Orúkọ Òǹkà àti Ohun tí ó Fi Pamọ́

Òǹkà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a ń kọ́ ọmọ nínú iṣẹ́ èdè Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí a sábà máa ń gbà kọ́ ọ ni pé olùkọ́ yóò pè é, àwọn ọmọ yóò gbè é, títí gbogbo kíláàsì yóò fi há a sórí. Lẹ́yìn wákàtí kan, olùkọ́ yìí kan náà (nítorí pé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ni ó sábà máa ń kọ́ kíláàsì kan ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́) yóò wá kọ àyọkúrò sí ojú pátákó bí ẹni pé ohun àjèjì gbáà ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún ọmọ pé àyọkúrò ni ó ti ń kọ lórin láti àárọ̀.

Láti mọ́kànlá títí dé mẹ́rìnlá, ẹ̀yìn ni òǹkà Yorùbá ń wò: ọ̀kan lé ní ẹ̀wá, méjì lé ní ẹ̀wá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ojú rẹ̀ yí padà sí iwájú, ogún ni ó ń wò. Mẹ́rìndínlógún kì í ṣe orúkọ lásán. Mẹ́rin ni ó dín kí ó tó pé ogún. Bí a bá gòkè díẹ̀ sí i, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni 47. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta. Àádọ́ta jẹ́ ọgọ́ta tí ẹ̀wá dín nínú rẹ̀. Mẹ́ta sì tún dín nínú àádọ́ta náà. Èyí ni pé (20 × 3) − 10 − 3 ni ọmọ ń pè nígbà tí ó bá la ẹnu pe 47. Ìsọdipúpọ̀ kan àti àyọkúrò méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méje sì lè pè é láìkọsẹ̀.

Ohun tí ó fà á tí ọmọ kì í fi gbọ́ ìṣirò yìí kò ṣòroó rí fún ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Ìpajẹ àti àrànmọ́ ti bo ojú rẹ̀. ‘Ní ogún’ ti di ‘lógún’. ‘Àrún’ ti súnkì wọ inú ‘mẹ́ẹ̀ẹ́dógún’ débi pé etí kò lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ ìpajẹ tí a fi ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ láàmú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wúlò níhìn-ín ju bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rò lọ.

Ìkarahun òkun wẹ́wẹ́ kò wọ́n ní etíkun Topo tàbí Yovoyan, owó kò sì sí lórí rẹ̀. Olùkọ́ lè ní kí ọmọ méjì méjì to ogún ìkarahun sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Yóò ní kí wọ́n mú mẹ́rin kúrò, kí wọ́n ka èyí tí ó kù, kí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀: mẹ́rin, dín, ní, ogún. Níbi yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ ti dákẹ́. Ọmọ kan yóò wo mẹ́rin tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò wo àwọn tí ó wà nílẹ̀, yóò sì ké sí ẹnì kejì rẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti sọ ọ́ fún un ṣáájú, ó ti gba adùn rẹ̀ lẹ́nu ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n dá mẹ́rin padà, kí ogún tún pé, kí ọmọ lè rí i pé ọ̀nà kan náà ni àròpọ̀ àti àyọkúrò ń rìn, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún ni 17 ti mọ̀ pé 17 + 3 = 20, pé 20 − 3 = 17, àti pé 20 − 17 = 3. Bí onísòwò ṣe ń ka ṣéńjì nìyí: láti orí iye ọjà ni yóò ti máa kà lọ títí yóò fi bá owó tí oníbàárà mú wá.

Ti Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn, yàtọ̀, àwọn sì ni ó pọ̀ jù ní Àgbádárìgì. Nínú èdè wọn, 15 ní orúkọ tirẹ̀, afọtọn. Orí rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gùn ún lọ: 16 jẹ́ afọtọn àti ọ̀kan, 17 jẹ́ afọtọn àti méjì. Ní ojú pátákó kan náà, olùkọ́ lè kọ 10 + 6 tí Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, 20 − 4 tí Yorùbá ń sọ, àti 15 + 1 tí Ògù ń sọ. Kò sí ìwé ìṣirò tí ó lè fi ohun tí àmì ìdọ́gba túmọ̀ sí han ọmọ ju èyí lọ. Kíláàsì tí ó ní èdè mẹ́ta, èyí tí àwọn olùkọ́ kan kà sí ìnira, di ọlọ́rọ̀ lójijì.

Owó Ẹyọ

Ní ọdún 1887 ni àlàyé Adolphus Mann, ajíhìnrere ìjọ CMS, lórí òǹkà Yorùbá jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i, kíka owó ẹyọ ni ó bí òǹkà yìí. A ó da owó láti inú àpò sílẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kà á yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó jókòó tì í, yóò máa fa márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá ti fà á nígbà ogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì ni yóò gbá pọ̀ di igba. Ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ilẹ̀ Dàhòmì, ogójì owó ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ògù ṣì fi èyí pamọ́ sínú èdè wọn di òní: kanḍe ni wọ́n ń pe ogójì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni okùn kan.

Owó yìí ni wọ́n ná ní èbúté Àgbádárìgì, nínú òwò rere àti nínú òwò ẹrú tí ó ba orúkọ ìlú náà jẹ́. Ọmọ kíláàsì kẹrin tàbí ìkarùn-ún tí a bá bi léèrè pé owó mélòó ni ó wà nínú okùn márùn-dín-lọ́gbọ̀n ń ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìtàn pa pọ̀. Bí ó bá sì ronú pé ìdajì ẹgbàá ni, tí kò sì fi 25 sọ 40 di púpọ̀ rárá, kí olùkọ́ yìn ín. Ó ti kọjá ibi tí ìbéèrè náà fẹ́ mú un dé.

Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yìí ta àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta yọ nínú ìṣirò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìwé tí ó ṣe àkójọ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1989.

Ìtàn kejì kò gbajúmọ̀ tó báyìí, ṣùgbọ́n ó dùn-ún gbọ́ jù fún olùkọ́. Helen Verran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ó sì sọ ohun tí ó rí nínú ìwé rẹ̀ Science and an African Logic (2001). Ó ti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bí a ṣe ń fi okùn wọn gíga ọmọ, tí a ó sì na okùn náà lé ohun ìdíwọ̀n láti kà á. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn dé kíláàsì, kò na okùn náà sílẹ̀. Ó wé e mọ́ ara páálí kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó ka iye ìgbà tí okùn yí i, ó wá ṣírò èyí tí ó ṣẹ́ kù. Ẹnu ya Verran, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ lóye. Olùkọ́ náà ti kọ́kọ́ di okùn sí ìdì, kí ó tó wá ohun tí ó lé. Bí òǹkà Yorùbá ti ń di ogún ogún kí ó tó wo ohun tí ó lé tàbí tí ó dín. Verran fúnra rẹ̀ padà ṣe àríwísí àlàyé tí ó kọ́kọ́ ṣe lórí èyí, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi sọ pé ọpọlọ Yorùbá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ohun tí ó dájú ni pé olùkọ́ náà kò ṣe àṣìṣe, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́ Ọjà

Ọjọ́ ọjà Àgbálátà kò ṣàjèjì sí ọmọ Àgbádárìgì kankan. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún ní ẹ̀kọ́ kan nínú tí ó máa ń rú ọmọ lójú, kí ó tó pa á lẹ́rìn-ín. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni òmíràn, nítorí pé Yorùbá ka ọjọ́ Ajé náà mọ́ ọn. Ọrún ni a pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ni a fi kún ti àkọ́kọ́. Kí olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ wá ọjọ́ tí ọjà yóò tún bọ́ sí Ajé. Wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀: Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó tún kan Ajé. Ọjà kan náà yóò fi ẹsẹ̀ kan ọjọ́ méjèèje kí ó tó padà, ọjọ́ 28 gbáko. Olùkọ́ kò tíì dárúkọ ‘ọ̀pọ̀ alájọní tí ó kéré jù’ rárá, àwọn ọmọ sì ti bá a pàdé lọ́jà.

Ibi tí Ìṣòro Wà

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ọdún 2004 sọ pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ti 2022, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìbànújẹ́ ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí a ń wí. Iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà lórí tábìlì àkókò, òǹkà sì wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá lè tú mẹ́rìndínlógún palẹ̀ nínú àkókò tirẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀nà yìí mọ ni ó tún yẹ kí a sọ. Òǹkà Yorùbá kò fi ipò ọ̀wá-ọ̀wá han bí kíkọ 47 ṣe fi í hàn, ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 4 tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀wá mẹ́rin. Ọwọ̀ tí a fà yọ lára ewé àgbọn, tí a dì ní mẹ́wàá mẹ́wàá, ni ó dára fún èyí. Bí nọ́ńbà bá ti kọjá igba, orúkọ rẹ̀ a máa lọ́ ju ohun tí ọmọdé lè tú lọ. Kí olùkọ́ kíláàsì ìkejì dúró sí ọgọ́ta. Èyí tí ó burú jù ni kí a sọ ìtúpalẹ̀ fúnra rẹ̀ di orin àkọ́sórí mìíràn, tí pàṣán ń tẹ̀lé.

Fífi ipá mú ọmọ Ògù láti ka òǹkà Yorùbá kí ó tó lè ṣe ìṣirò kò sì yàtọ̀ sí ohun tí Yorùbá ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí a ń rán lọ sí Àgbádárìgì ni kò gbọ́ Ògù. Kò pọn dandan kí wọ́n díbọ́n pé wọ́n gbọ́ ọ. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá gbé ṣọ́ọ̀kì fún ọmọ Ògù kan, tí ó ní kí ó wá sọ fún kíláàsì bí a ṣe ń pe 16 nílé wọn àti ohun tí ó túmọ̀ sí, kí ó sún sẹ́yìn, kí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn yòókù, kí òun náà ká ọwọ́ sókè bí ó bá ní ìbéèrè.