Ẹ Má Ka Kóòdù Náà Fún Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣòwò ní Adum, ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Kumasi, ẹ gbọ́ o. Kóòdù tó bá ṣàdédé wọlé sórí fóònù yín, tí ẹ kò béèrè fún un, ẹ má kà á sétí ẹnikẹ́ni. Ì báà jẹ́ nọ́ńbà ìyá yín ni wọ́n fi pè, ì báà jẹ́ Yorùbá tó já geere ni wọ́n ń sọ, ì báà jẹ́ oríkì yín ni wọ́n fi kí yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ ka kóòdù náà fún òun, olè ni. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ náà bò, nítorí pé owó tí ń lọ báyìí kì í ṣe owó kékeré, àwọn tó sì ń pàdánù rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Adum ni ọkàn okòwò Kumasi. Bí ẹ bá rìn láti ọjà Kejetia wọ àárín Adum, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí fóònù: wọ́n ń tà á, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn aláwọ̀ ìyeyè. Ọdún 2009 ni iléeṣẹ́ fóònù MTN gbé MoMo, ètò owó orí fóònù, dé Gánà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n so àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, tí owó fi lè kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Obìnrin tó ń ta aṣọ ní Adum lè jókòó sẹ́yìn káńtà rẹ̀ kó gba owó oníbàárà tó wà ní Tamale, kó sì san owó ọjà ní Accra láì dìde. Ohun rere ni. Kò sẹ́ni tó ń bú fóònù níbí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa ní Gánà nítorí àrùn kòrónà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì KNUST bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ kéékèèké ńkọ́? Olùkọ́ dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ àmúrelé ránṣẹ́ síbẹ̀, àwọn òbí sì fi nọ́ńbà ara wọn sí i, torí pé ọmọ kò ní fóònù. Wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yẹn wà síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kíláàsì títí di òní. Ohun tó sì wá ṣẹlẹ̀ ni pé fóònù kan náà tí ìyá fi ń gba owó ọjà lọ́sàn-án ni ọmọ fi ń kàwé lálẹ́. Ìwé àti àpótí owó wà lójú kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá sì mọ bí a ṣe ń ṣí i ju ẹni tó ni ín lọ. Ibẹ̀ gan-an ni olè ń gbà wọlé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjà kún, oníbàárà mẹ́ta ń ná aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù ìyá dún. Nọ́ńbà akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, àwòrán rẹ̀ tó wọ agbádá funfun ló wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ọjà o, Màmá. À ń to orúkọ àwọn tó máa bá wa ṣèpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ padà." Lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́fà wọlé. WhatsApp kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí a má fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, oníbàárà sì ń béèrè iye jálẹ̀. Ìyá fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Kó tó ka owó aṣọ tán, WhatsApp rẹ̀ ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Akọ̀wé kọ́ ló kọ ìwé yẹn. Olè ti gba WhatsApp akọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́nà kan náà. WhatsApp kì í mọ ojú ẹni, nọ́ńbà fóònù ló mọ̀, nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ló sì fi ń mọ ẹni tó ni fóònù. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù tirẹ̀, tí kóòdù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò gbà pé ó jẹ́ ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá èèyàn sọ tẹ́lẹ̀ kì í tẹ̀ lé e lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú wọn ló ń bá a lọ. Kíá ni olè náà ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ alájọ àti ẹgbẹ́ kíláàsì ọmọ, tó ń kọ ọ́ pé ìyá wà ní ọsibítù, kí ẹnìkan jọ̀ọ́ bá a fi 800 sídì ránṣẹ́ sí nọ́ńbà báyìí, yóò dá a padà nírọ̀lẹ́. Ta ni kò ní dá a lóhùn? Àwọn tó fẹ́ràn ìyá yìí jù lọ ló ń kọ́kọ́ sanwó. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà: àánú ni olè yìí fi ń jẹun.

Àwọn mìíràn kì í béèrè kóòdù rárá. Wọ́n á ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lè dára, tàbí kí wọ́n má baà ti síìmù yín pa. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *21* tàbí **21*, tí nọ́ńbà fóònù mìíràn sì tẹ̀ lé e, ẹ ti darí gbogbo ìpè tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín sí fóònù olè nìyẹn. Bí WhatsApp bá wá fi ohùn ka kóòdù náà, etí tirẹ̀ ni yóò lọ. Ẹ má tẹ nọ́ńbà tí àjèjì bá pè fún yín.

Ti MoMo ńkọ́? Ẹnìkan á pè, á sọ Twi, á máa bẹ̀ yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "mepa wo kyɛw", òun ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín ni, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun sì ni. Ẹ wo fóònù, ọ̀rọ̀ owó ti wọlé lóòótọ́. Ẹ tún un wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ owó gidi láti ọ̀dọ̀ MTN máa ń ru orúkọ MobileMoney lórí. Èyí tó bá wá láti orí nọ́ńbà èèyàn lásán, ọwọ́ èèyàn ló kọ ọ́. Ẹ tẹ *170#, kí ẹ wo iye tó wà nínú àpò yín kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bó bá sì jẹ́ pé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń béèrè PIN, tí ẹni tó ń pè wá ń sọ pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí owó lè wọlé, ẹ pa ìpè náà. Owó tó ń wọlé sórí MoMo kì í béèrè PIN. Owó tó ń jáde ló ń béèrè rẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín ní gbólóhùn yìí kó mọ̀ ọ́n lórí.

Ìjọba àti iléeṣẹ́ kò káwọ́ gbera. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni MTN ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ aṣojú MoMo mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Láti oṣù kẹwàá ọdún kan náà títí di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n ní kí gbogbo wa fi káàdì Gánà tún síìmù forúkọ sílẹ̀. Ó ṣe àǹfààní, nítorí pé orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà máa ń jáde lójú fóònù kí ẹ tó tẹ PIN. Bí "ìyá" bá ń tọrọ owó, tí orúkọ ọkùnrin tí ẹ kò gbọ́ rí sì jáde, kí ni ẹ ń wá níwájú mọ́? Ẹ dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òfin kò lè gba ẹni tó fi ìka ara rẹ̀ tẹ PIN fún olè.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ìyá yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ní Adum lè ṣírò owó bọ́ńdù aṣọ mẹ́wàá lórí láìfi bírò kan ìwé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú fóònù kò yé wọn. Nítorí náà, wọ́n á na fóònù sí ọmọ tó wà lábẹ́ agbòòrùn, wọ́n á sọ PIN sókè kí gbogbo ọ̀nà gbọ́: "Bá mi tẹ̀ ẹ́." Mo ti rí PIN tí wọ́n kọ sórí bébà, tí wọ́n ká a sínú ike ẹ̀yìn fóònù, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà ò sí, ẹ kọ́ wọn ní ọ̀nà tí ìka ń tọ̀: èwo ló kọ́kọ́ jáde, èwo ló tẹ̀ lé e, ibo ni orúkọ ti ń jáde. Ẹni tó mọ àwọ̀ àǹkárá àtijọ́ àti tuntun yà sọ́tọ̀ nínú òkùnkùn á mọ èyí náà. Àwa la kò fara balẹ̀ kọ́ wọn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra ìdánwò WASSCE, ẹ ṣọ́ra gan-an. "Apor" ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gánà ń pe ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n ní ó ti jò. Bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ Telegram àti WhatsApp á kún fún àwọn tó ń tà á. Ọmọ á sanwó sórí MoMo kí wọ́n tó fi í sínú ẹgbẹ́. Níbo ló ti rí owó? Lórí fóònù yín ni, torí pé ó ti mọ PIN yín. Ìwé ìdánwò ọdún àná tí wọ́n pa ọjọ́ rẹ̀ dà ni wọ́n sì máa ń tà fún ẹlòmíràn. Èyí tó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó burú ju ti èké lọ: òfin àjọ ìdánwò WAEC ti ọdún 2006, Act 719, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí ẹ̀ gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́, WAEC sì lè fagi lé èsì ọmọ. Ní ọdún 2020, ní Kumawu nínú agbègbè Ashanti tí a wà yìí, inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan pé wọ́n ṣọ́ wọn jù nínú ìdánwò, ni wọ́n bá fọ́ dúkìá ilé ẹ̀kọ́ ara wọn. Ẹ wo ibi tí gbígbẹ́kẹ̀lé apor ń gbé ọmọ dé. Fóònù tó lè fi kọ́ ìṣirò, tó lè fi gbọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ tó wà lókèèrè, ló ń fi ra ìtìjú.

Àwọn bàbá wa Yorùbá tó ṣòwò ní Kumasi kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ á kó ọjà àwìn fún ọmọ Ọ̀fà nítorí pé ó mọ ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń lọ sílé á gba owó lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀, yóò sì jíṣẹ́ fún olúkúlùkù. Ojú ni wọ́n rí, ohùn ni wọ́n gbọ́, ilé ni wọ́n mọ̀. Àwa náà ṣì ń gbẹ́kẹ̀ lé ara wa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kékeré lójú fóònù la wá ń gbẹ́kẹ̀ lé báyìí, a kò rí ojú, a kò gbọ́ ohùn. Èdè Yorùbá nínú ìwé kò jẹ́rìí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ owó lórí WhatsApp, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ará yín kò ní bínú sí i. Ẹni tó bá bínú, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ẹ̀yin alábòójútó ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Lórí WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Account, kí ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín. Bí olè bá tilẹ̀ rí kóòdù gbà, yóò tún bá ilẹ̀kùn kejì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣe é lójú yín, pàápàá àwọn àgbàlagbà. Ẹ tún wo Linked devices, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín níbẹ̀, ẹ lé e jáde.

Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ má dákẹ́. Ẹ tún WhatsApp fi nọ́ńbà yín wọlé, ẹ béèrè kóòdù tuntun. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, olè ti jáde nìyẹn. Bó bá ti fi nọ́ńbà Two-step verification tirẹ̀ sí i, ẹ lè dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè lò ó, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè lò ó mọ́. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó ni síìmù yín kí wọ́n ti MoMo náà pa. Ẹ pe 292, nọ́ńbà àjọ ìjọba Gánà tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn èèyàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn yín. Ìtìjú ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, wọ́n ń rò pé wọn yóò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, olè sì ń fi wákàtí tí wọ́n fi ń tijú yẹn gba owó lọ́wọ́ àbúrò wọn, lọ́wọ́ alájọ wọn, lọ́wọ́ olùkọ́ ọmọ wọn. Ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀.