Ẹ Wọn Apá Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Wo Àpò Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù, ìbáà ṣe ní Ìkòyí, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ ìbéèrè yìí títí yóò fi sú yín: "Kóòṣì, ṣé kí n lọ ra áyọ́ọ̀nù tí wọ́n wọ̀n mọ́ mi lára, àbí èyí tí mo yá yìí ṣì tó?" Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ ni pé kó ní sùúrù títí súwíngì rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan. Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn, ààbọ̀ tó kù ló sì ń ba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́.

Súwíngì á yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá àgbàlagbà kì í gùn sí i mọ́. Ta ló ń rán aṣọ iléèwé gbàgẹ̀rẹ̀ fún ẹni ogójì ọdún pé yóò dàgbà wọ̀ ọ́? Gígùn ọ̀pá, ìsanra gíríìpù, bí ṣáàfùtù ṣe wúwo tó, àti bí orí ọ̀pá ṣe jókòó sílẹ̀: ara ló ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ sì lè mọ̀ wọ́n dé ìwọ̀n tó nítumọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé.

Bí orí ọ̀pá ṣe jókòó yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ fún ẹni kúkúrú ní ọ̀pá ẹni gíga, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó nígbà tó bá gbé e sílẹ̀. Imú irin gbé sókè, gìgísẹ̀ irin nìkan ló kan ilẹ̀. Ojú irin tó jókòó báyìí kò kọjú sí àsíá mọ́; fún ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá a, òsì ló ń wò. Bí ojú irin bá sì ṣe ṣíjú sókè tó ni àṣìṣe náà ṣe ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn lára wẹ́jì ju áyọ́ọ̀nù 5 lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ gbogbo èyí. Ohun tó rí ni pé bọ́ọ̀lù ń lọ sósì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gan ọwọ́, ó ń ti bọ́ọ̀lù sọ́tùn-ún. Nígbà tí yóò bá fi wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀yin ni ẹ ó máa gba owó rẹ̀ láti tún ohun tí irin ti kọ́ ọ ṣe.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò le. Kó wọ bàtà rẹ̀, kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ kí apá méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wọn láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀. Èèyàn méjì lè ga bákan náà kí apá ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ, nítorí náà gíga nìkan kò tó. Karsten Solheim ló sọ irú wíwọ̀n báyìí di nǹkan tó kárí ayé. Norway ni wọ́n ti bí i ní 1911, Amẹ́ríkà ló dàgbà sí. Ẹnjiníà ni, ó sì ti lé lógójì ọdún kó tó fọwọ́ kan ọ̀pá gọ́ọ̀fù, kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún un nípa ìyà olùbẹ̀rẹ̀. Pọ́tà ló fi dá Ping sílẹ̀ ní 1959. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ náà gbé àtẹ aláwọ̀ jáde. Àmì dúdú lára orí irin ni ti gbogboogbò, pupa ni ti ọ̀pá tó tẹ̀ sílẹ̀ sí i, búlúù ni ti èyí tó nàró sí i. Àwọn kan ń ra tòkunbọ̀ Ping, wọ́n rò pé ọ̀ṣọ́ ni àmì náà. Ẹ bá wọn wò ó kí wọ́n tó sanwó.

Ohun tó lè dúró ni ẹ̀rọ tó ń ka bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí àti bó ṣe ga tó. Ẹni tó fi imú irin gbá ọ̀kan, tó fi gìgísẹ̀ gbá ìkejì, kí ni ẹ̀rọ fẹ́ kà lára rẹ̀? Ẹ fi máàkà fa ìlà kan sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí ìlà náà dúró ṣánṣán, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbá a. (Lórí máàtì o, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá ti gan.) Ìlà yóò tẹ̀ sójú irin. Bí orí ìlà bá dagun sí imú, ọ̀pá nàró jù fún un. Bó bá dagun sí gìgísẹ̀, ó tẹ̀ jù. Bí ìlà mẹ́wàá bá dagun síbi mẹ́wàá, ẹ má fọwọ́ kan irin, ẹ padà sórí ìdúró àti bó ṣe di ọ̀pá mú. Ìgbà tí wọ́n bá ń dagun síbì kan náà lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni kó lọ bá ẹlẹ́rọ.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ìyàwó tí wọ́n fún ní àlòkù ọkọ rẹ̀ ni mo máa ń káàánú jù. Ṣáàfùtù irin tó tó gíráàmù 130 wà lára ọ̀pá mìíràn, bẹ́ẹ̀ gíráfáìtì wà tí kò ju 60 tàbí 70 lọ. Ó ń fà á lọ bí ẹrù, wọ́n ní kò lágbára. Ti ọmọdé burú ju ìyẹn lọ, nítorí wọn a gé ọ̀pá baba fún un: ṣáàfùtù tí wọ́n gé a máa le sí i, orí irin ò sì fúyẹ́ bó ṣe yẹ. Ọ̀pá ọmọdé mẹ́ta péré sàn ju odidi àpò tí wọ́n gé lọ.

Òfin gbà wá láyè ọ̀pá 14. Olùbẹ̀rẹ̀ kò nílò ìdajì rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù 7, 9, wẹ́jì àti pọ́tà, tí gbogbo wọn bá ìwọ̀n apá rẹ̀ mu, tó o láti bẹ̀rẹ̀. Bó bá wá lówó, tó sì ta kú pé odidi sẹ́ẹ̀tì tuntun lòun fẹ́ lónìí, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó ra èyí tí wọ́n fi irin rírọ̀ rọ, nítorí ìyẹn ṣeé tẹ̀ ní dígírì kan tàbí méjì nígbà tí súwíngì rẹ̀ bá yí padà. Irin alágídí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù lè ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.