Ààjà Inú Òkun: Ǹjẹ́ Atẹ́gùn Ń Fún Un Lágbára?

Ẹni tí ó bá mọ ààjà tí í gbé ewé àti eruku yí bìrìbìrì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ mi. Omi òkun náà a máa yí bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe pè é ní ààjà omi. Ṣùgbọ́n ààjà eruku kì í pẹ́ rárá. Ààjà omi lè lo ọdún 2 tàbí 3.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Agulhas. Ìṣàn omi ńlá yìí ń ti Òkun Íńdíà bọ̀, ó ń gba etí ìlà-oòrùn gúúsù Áfíríkà. Bí ó bá dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà, a ṣẹ́rí padà sí ìlà-oòrùn. Níbi tí ó ti ń ṣẹ́rí ni apá kan ti ń já bọ́ bí òrùka. Òrùka omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ yìí lè fẹ̀ tó 200 sí 300 kìlómítà, ó sì ń yí ní òdì sí ọwọ́ aago. Yíyí tí ayé ń yí ni ó ń mú un rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, gba inú Òkun Àtìláńtíìkì, sí ìhà Bùràsíìlì.

A lè rò pé agbára ni atẹ́gùn yóò máa fi kún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí omi ń yí ní mítà 1. Ní ìhà gúúsù òrùka náà, atẹ́gùn àti omi jọ ń lọ: ìyàtọ̀ eré wọn jẹ́ 9. Ní ìhà àríwá, wọ́n kọjú ìjà síra: ìyàtọ̀ di 11. A ó sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀ kí a tó mọ bí atẹ́gùn ti ń ti omi tó: 81 ń ràn án lọ́wọ́, 121 ń dá a dúró. Ibi yòówù kí atẹ́gùn ti fẹ́ wá, bákan náà ni.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Yíyí náà ń dẹ̀, òkè omi tó wà láàrin rẹ̀ ń rọlẹ̀, omi ìsàlẹ̀ sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí lè gbé oúnjẹ wá fún àwọn ewéko kéékèèké tí ẹja gbójú lé.

Kì í ṣe atẹ́gùn nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Òtútù ń gba ooru rẹ̀. Àwọn òkè abẹ́ òkun tí a ń pè ní Walvis Ridge a máa pín òmíràn sí méjì. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ: omi Íńdíà ń di omi Àtìláńtíìkì, pẹ̀lú iyọ̀ àti ooru rẹ̀.

Ẹrù yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kéré, nítorí ooru òkun wà lára ohun tí ń darí ojú ọjọ́ ayé. Bí onímọ̀ bá ṣírò agbára atẹ́gùn nínú kọ̀ǹpútà láìyọ eré omi kúrò, ààjà rẹ̀ yóò lágbára ju ti òkun gan-an lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìyọkúrò kékeré yẹn ni kí ẹ má gbàgbé.